ÌGBÀ KÚKÚRÚ, ORÚKỌ PÍPẸ́
Ọ̀rọ̀ tí a sọ níwájú àpéjọ ọdọọdún Ẹgbẹ́ Ìtẹ̀síwájú Ìlú wa, ní Festac Town

  

Nígbà tí ìgbìmọ̀ ránṣẹ́ pè wá pé kí a wá sọ̀rọ̀ níbi àpéjọ yìí, wọ́n ní kí a mú ohun tí yóò ṣe àwọn ọ̀dọ́ wa ní àǹfààní. Iṣẹ́ olùkọ́ ni a kọ́ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, iṣẹ́ náà ni a sì ń ṣe títí di òní. Nítorí náà ọ̀pọ̀ nínú yín ti mọ̀ ní ọkàn yín pé ìwé ni a ó sọ̀rọ̀ lé lórí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ dárí jì wá. Lónìí yìí, ọ̀rọ̀ eré ni a mú wá. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé a fẹ́ fi àpéjọ àgbà ṣeré. Ohun kan wà níwájú ẹgbẹ́ wa tí a ní láti pinnu lé lórí kí ọdún yìí tó parí, ìtàn tí a ó sì pa yìí kan ọ̀rọ̀ náà gbọ̀ngbọ̀n.

Gbogbo wa ni a mọ bí Festac Town ti di ìlú. Ní ọjọ́ 15 oṣù kìíní ọdún 1977 ni àjọ̀dún ńlá ti iṣẹ́ ọnà àti àṣà àwọn ènìyàn dúdú bẹ̀rẹ̀ ní Èkó. Ọjọ́ 12 oṣù kejì ni ó sì parí. Nítorí àwọn àlejò tí ó wá láti ilẹ̀ Áfíríkà, láti Amẹ́ríkà àti láti àwọn erékùsù Káríbíà ni ìjọba àpapọ̀ ṣe kọ́ ilé tí ó ju 5,000 lọ sí ilẹ̀ Àwórì níhìn-ín ní Amuwo-Odofin. Nígbà tí àlejò lọ tán, a pín ilé fún onílé, èyí ni ó sì kó púpọ̀ nínú wa jọ síbí. Nítorí náà, bí a bá mú ìtàn ọmọ Jàmáíkà kan wá sí ààrin yín, a kò mú àjèjì wọlé. Irú wọn gan-an ni a kọ́ ìlú yìí fún kí wọ́n lè rí ibi sùn sí.

Eré tí ọmọ náà ṣe ni kíríkẹ́ẹ̀tì. Fún àǹfààní àwọn ìyá wa tí kò mọ̀ ọ́n, ẹ jẹ́ kí a là á yé yín ní ṣókí. Ẹgbẹ́ méjì ni í ṣe é, ènìyàn mọ́kànlá-mọ́kànlá. Ẹnìkan yóò ju bọ́ọ̀lù líle, ẹnìkejì yóò fi igi pẹlẹbẹ gbá a. Lẹ́yìn ẹni tí ó ń gbá a ni igi mẹ́ta wà ní òró, tí a ń pè ní wíkẹ́ẹ̀tì. Kò gbọdọ̀ jẹ́ kí bọ́ọ̀lù ba àwọn igi wọ̀nyí. Bí ó bá gbá bọ́ọ̀lù jìnnà, òun àti ẹnìkejì rẹ̀ yóò sáré pàrọ̀ àyè, ìsáré kọ̀ọ̀kan a sì jẹ́ àmì kan. Bí bọ́ọ̀lù bá wó igi ẹ̀yìn rẹ̀, tàbí bí wọ́n bá hán bọ́ọ̀lù tí ó gbá kí ó tó kanlẹ̀, ó ti jáde nìyẹn. Ẹni tí ó bá gba ọgọ́rùn-ún àmì kí ó tó jáde, akọni ni. Ẹnìkan lè gbá a láti òwúrọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Ẹlòmíràn lè jáde ní bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́. Eré sùúrù ni, eré ìtẹríba sì ni pẹ̀lú.

TA NI COLLIE SMITH?

O'Neil Gordon Smith ni orúkọ rẹ̀ ní kíkún, ṣùgbọ́n Collie ni gbogbo ènìyàn ń pè é. Ìlú Kingston ní Jàmáíkà ni a ti bí i ní ọjọ́ 5 oṣù karùn-ún ọdún 1933. Ní ìhà Trench Town ni ó ti dàgbà, àdúgbò àwọn tálákà, níbi tí òbí ti ń ṣiṣẹ́ àṣelàágùn kí ọmọ tó jẹun. Ẹni tí ó bá kọjá níbẹ̀ nígbà náà kò ní sọ pé ibẹ̀ ni akọni yóò ti jáde wá.

Ṣùgbọ́n òjíṣẹ́ Ọlọ́run kan wà nínú ìjọ Mẹ́tọ́díìsì, Hugh Sherlock ni orúkọ rẹ̀. Ní nǹkan bí ọdún 1940 ó dá ibùdó kan sílẹ̀ fún àwọn ọmọkùnrin àdúgbò náà, a sì ń pè é ní Boys' Town. Ẹ̀kọ́ wà níbẹ̀, ìsìn wà níbẹ̀, pápá ìṣeré sì wà níbẹ̀. Sherlock yìí kan náà ni ó wà lára àwọn tí ó ṣe orin orílẹ̀-èdè Jàmáíkà nígbà tí wọ́n gba òmìnira ní 1962. Orí pápá Boys' Town ni Collie ti kọ́ bí a ti ń ju bọ́ọ̀lù àti bí a ti ń gbá a. Ibẹ̀ náà ni ó ti kọ́ ìbẹ̀rù Ọlọ́run, tí kò fi sílẹ̀ títí ó fi kú.

Ẹ jẹ́ kí a sọ èyí kí ó wọ̀ wá létí dáadáa: pápá ni ó kọ́kọ́ wà, kí akọni tó wà.

Ní ọdún 1955 ni àwọn ará Ọsirélíà wá sí àwọn erékùsù náà. Nígbà tí wọ́n bá Jàmáíkà ṣeré, ọmọ Trench Town yìí gba àmì 169 lọ́wọ́ wọn. Ẹnu ya ayé. Lójú ẹsẹ̀ ni wọ́n mú un sínú ẹgbẹ́ West Indies, èyí tí ó jẹ́ àpapọ̀ gbogbo àwọn erékùsù. Nínú ìdíje àkọ́kọ́ rẹ̀, ní pápá Sabina Park ní Kingston, ó gba 44 nígbà àkọ́kọ́, ó sì gba 104 nígbà kejì. Kò tí ì pé ọmọ ọdún 22. Ẹ wo ọ̀dọ́mọkùnrin tí gbogbo ìlú gbé sí èjìká!

Ṣùgbọ́n ayé kì í dúró lójú kan. Nínú ìdíje tí ó tẹ̀lé e, ó jáde láì gba àmì kan ṣoṣo. Nígbà tí ó tún jáde lọ gbá a lẹ́ẹ̀kejì, òdo náà ni. Ẹni tí wọ́n ń kọrin fún di ẹni tí wọ́n yọ kúrò nínú ẹgbẹ́. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ̀yin tí ẹ ń fi ìdánwò kan ṣoṣo díwọ̀n gbogbo ayé yín, ẹ gbọ́ ohun tí ó ṣe. Kò bú ẹnikẹ́ni, kò sì ju igi rẹ̀ nù. Ó padà sórí pápá, ó ń ṣiṣẹ́ lórí ara rẹ̀, wọ́n sì tún pè é.

Ní ọdún 1957 ni ẹgbẹ́ West Indies lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹgbẹ́ náà pàdánù, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì borí nínú ìdíje mẹ́ta, wọn kò sì borí nínú ọ̀kan. Síbẹ̀, Collie gba 161 ní Birmingham nígbà àkọ́kọ́ tí ó bá àwọn Gẹ̀ẹ́sì pàdé, ó sì gba 168 ní Nottingham. Bí a bá ti pàdánù tán ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń jókòó. Òun kò jókòó. Ní 1958, Wisden, ìwé tí àwọn eléré kíríkẹ́ẹ̀tì kà sí jù lọ, fi í sí ara àwọn márùn-ún tí ó tayọ jù lọ ní ọdún náà.

Lẹ́yìn èyí, ìlú Burnley ní Lancashire gbà á síṣẹ́ láti máa ṣeré fún wọn. Ẹ̀yin tí ọmọ yín wà ní Manchester tàbí ní Liverpool lónìí, itòsí wọn níbẹ̀ ni. Ó di ọmọ ilé fún wọn. Ní 1959, nínú eré kan ṣoṣo, ó gba 306 láì jáde.

ỌJỌ́ TÍ Ó KÚRÚ

Collie ní ọ̀rẹ́ kan, Garfield Sobers, ọmọ Barbados, ẹni tí ó padà wá di ọ̀kan nínú àwọn tí ó ga jù lọ nínú eré náà ní gbogbo ayé. Òun náà ń ṣeré fún ìlú mìíràn ní ìhà ibẹ̀. Ní òru kan ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1959, Sobers, Collie àti ẹnìkẹta wọn, Tom Dewdney, wọ ọkọ̀ láti lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, níbi tí wọ́n ti fẹ́ ṣe eré àánú ní ọjọ́ kejì. Sobers ni ó ń wa ọkọ̀. Ní Staffordshire, kí ilẹ̀ ọjọ́ 7 tó mọ́, wọ́n kọlu ọkọ̀ akẹ́rù tí ó ń kó màlúù. Àwọn méjì yè é. A gbọ́ pé nígbà tí Sobers bá Collie níbi tí ó wà, ó ní kí ó má ṣe dá òun lóhùn, kí ó lọ wo Dewdney. Ọ̀pá ẹ̀yìn rẹ̀ ni ó ti ṣẹ́. Ní ọjọ́ 9 oṣù kẹsàn-án, Collie Smith dákẹ́. Ọmọ ọdún 26 péré ni.

A gbé òkú rẹ̀ padà sí Jàmáíkà. Wọ́n ní àwọn tí ó tú jáde sin ín tó 60,000. Ọ̀nà ńlá kan ní àdúgbò rẹ̀ ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ títí di òní. Sobers sì sọ lẹ́yìn náà pé òun pinnu láti máa ṣe iṣẹ́ ènìyàn méjì lórí pápá, ti ara òun àti ti ọ̀rẹ́ òun.

Ẹ bá wa ṣírò rẹ̀. Láti oṣù kẹta 1955 dé oṣù kẹsàn-án 1959, ọdún mẹ́rin àti ààbọ̀ ni. Nínú ìdíje 26 láàrin orílẹ̀-èdè, ó gba àmì 1,331, ó gba ọgọ́rùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lẹ́ẹ̀mẹ́rin, ó sì fi bọ́ọ̀lù lé ènìyàn 48 jáde. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá wọ ilé ẹ̀kọ́ gíga tí ìyanṣẹ́lódì dá dúró lẹ́ẹ̀mejì lè pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ kí ó tó gba ìwé ẹ̀rí. Ìgbà tí a fún un kúrú. Ṣùgbọ́n ó lò ó tán pátápátá.

NÍ ILÉ WA NÍHÌN-ÍN

Ẹnìkan lè bi wá pé, kí ni ó kan Èkó nínú kíríkẹ́ẹ̀tì? Ó kàn wá. Ní ọdún 1904 ni àwọn ará Èkó ti bá àwọn ará Gold Coast, tí ń jẹ́ Ghana lónìí, ṣe eré yìí. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ẹgbẹ́ àwọn òyìnbó wà lọ́tọ̀, ẹgbẹ́ àwọn ènìyàn dúdú wà lọ́tọ̀. Ó di ìgbà tí òmìnira ń súnmọ́ etílé kí wọ́n tó di ọ̀kan. Pápá rẹ̀ ṣì wà ní Tafawa Balewa Square ní Erékùsù Èkó.

Àwọn ọmọ wa pẹ̀lú ti mọ adùn, wọ́n sì ti mọ ìkorò. Ní ọdún 2020, àwọn ọmọkùnrin wa tí kò tí ì pé ọdún 19 dé ìdíje àgbáyé ní Gúúsù Áfíríkà fún ìgbà àkọ́kọ́. Nígbà tí wọ́n pàdé Ọsirélíà, West Indies àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọn kò gba tó 70 àmì nínú ìkankan. Àwọn kan fi wọ́n rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ 24 oṣù kọkànlá ọdún 2024, àwọn àgbà wa gba 271 lọ́wọ́ Ivory Coast. Selim Salau nìkan gba 112 níbẹ̀. Àmì méje péré ni àwọn aládùúgbò wa rí gbà. A kò sọ èyí láti fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́, nítorí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ni, ẹni tí a sì ti fi rẹ́rìn-ín rí kì í fi ẹlòmíràn rẹ́rìn-ín.

Èyí tí ó dùn mọ́ wa jù ni ti àwọn ọmọbìnrin. Ní ọjọ́ 20 oṣù kìíní ọdún 2025, ní Kuching ní ilẹ̀ Malaysia, àwọn ọmọbìnrin wa tí kò tí ì pé ọdún 19, tí Lucky Piety jẹ́ ọ̀gá wọn, pàdé New Zealand nínú ìdíje àgbáyé. Òjò ti gé eré náà kúrú. Tiwa gba 65. Nígbà tí ó ku bọ́ọ̀lù mẹ́fà, àmì mẹ́sàn-án ni New Zealand ń fẹ́. A fi bọ́ọ̀lù lé Lillian Udeh lọ́wọ́. Mẹ́fà ni wọ́n rí gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Àmì méjì ni a fi borí wọn! Ẹ̀yin ìyá, àwọn ọmọ yín ni wọ̀nyí. Irú eré bẹ́ẹ̀ kì í pẹ́ lọ́wọ́ ẹni, nítorí bí ọmọ bá ti pé ọdún 19, ó ti kúrò nínú ẹgbẹ́ náà nìyẹn. Ìgbà kúkúrú ni, ṣùgbọ́n wọ́n lò ó.

OHUN TÍ Ó Ń DÙN WÁ

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a jẹ́wọ́ ohun kan níwájú yín. Ní ọ̀pọ̀ ọdún sẹ́yìn, ní ilé ẹ̀kọ́ kan tí a ti ṣiṣẹ́ rí, ọmọkùnrin kan wà ní kíláàsì wa. Ó rí pátákó àga tí ó ti ṣẹ́, ó sì fi ọ̀bẹ gbẹ́ ẹ di igi kíríkẹ́ẹ̀tì. Ó tó ọ̀sẹ̀ méjì kí ó tó gbẹ́ ẹ tán. Bí agogo ìsinmi bá ti lù, yóò kó àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ jọ sẹ́yìn ilé ìgbọ̀nsẹ̀, nítorí kò sí pápá. Ní ọjọ́ kan wọ́n fọ́ gíláàsì fèrèsé. A nà án, a gba igi náà, a sì fà á lé ìyá olóúnjẹ lọ́wọ́. Ó fi dáná ẹ̀wà ní ìṣojú ọmọ náà. A rò pé iṣẹ́ wa ni a ń ṣe. Láti ọjọ́ náà, ọmọ náà jókòó jẹ́ẹ́, a sì ń fi í ṣe àpẹẹrẹ ọmọ rere.

Ó ti di baba ọmọ báyìí. Ẹ̀yà ara ọkọ̀ ni ó ń tà. Ní ọjọ́ tí àwọn ọmọbìnrin wa borí ní Malaysia, ó pè wá lórí fóònù ní alẹ́. Ó ní, "Ẹ káalẹ́ o, sà. Tíṣà, ṣé ẹ gbọ́ ohun tí àwọn ọmọ wa ṣe?" A ní a gbọ́. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní, "Sà, ṣé ẹ rántí pátákó mi?"

A rántí. Ọ̀rọ̀ kò tètè jáde lẹ́nu wa. A ní, "Ọmọ mi, má bínú." Ó ní, "Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀, sà. Èmi kò bínú. Mo kàn ní kí n béèrè ni."

A kò sọ pé ọmọ náà ìbá di Collie Smith. Bóyá kò ní dé ibì kankan nínú eré náà. Ṣùgbọ́n àwa ni a kò jẹ́ kí òun tàbí àwa mọ̀. Hugh Sherlock rí àwọn ọmọ tí ń ṣeré láàrin ìgbòrò, ó wá pápá fún wọn. Àwa rí i, a wá igi ìdáná.

OHUN TÍ A Ń BẸ̀BẸ̀ FÚN

Ìdí ọ̀rọ̀ wa nìyí. Gbogbo wa ni a mọ ilẹ̀ òfìfo tí ó wà lọ́wọ́ ẹgbẹ́ wa, níbi tí àwọn ọmọ máa ń gbá bọ́ọ̀lù ní ìrọ̀lẹ́. Ìmọ̀ràn ti wá síwájú ìgbìmọ̀ pé kí a kọ́ ṣọ́ọ̀bù sí gbogbo rẹ̀, kí a sì máa fi owó rẹ̀ san owó ilé ẹ̀kọ́ fún àwọn ọmọ aláìní. Ẹni tí ó mú ìmọ̀ràn náà wá kò ṣe ibi. Olùkọ́ ni wá. Bí a bá ní kí a má ṣe ran ọmọ aláìní lọ́wọ́ láti kàwé, ẹnu wa ni yóò kọ́kọ́ bú wa. Àwa pẹ̀lú ti rí ọmọ tí ó gbọ́n tí ó jókòó sílé nítorí owó.

Ṣùgbọ́n ẹ wo àyíká wa. Ilé ti gba ibi tí ilé kò sí tẹ́lẹ̀, ṣọ́ọ̀bù ti gba ẹ̀bá ọ̀nà. Bí a bá kọ́ ṣọ́ọ̀bù lónìí, a kò lè wó o lọ́la kí a tún sọ ọ́ di pápá. Owó tí ó dín ni a lè wá kún. Ilẹ̀ tí ó tán, ibo ni a ó ti wá a?

Nítorí náà, ohun mẹ́ta ni a ń fi ìrẹ̀lẹ̀ dá lábàá. Èkínní, kí a kọ́ ṣọ́ọ̀bù sí etí títì nìkan, kí a fi ààrin ilẹ̀ náà sílẹ̀ fún àwọn ọmọ, kí a sì kọ ọ́ sínú ìwé ẹgbẹ́ kí ẹnikẹ́ni má lè tà á. Ẹ̀yin ọmọ wa tí ó wà lẹ́yìn odi, owó tí ó bá dín nítorí èyí, ẹ̀yin ni a ń wò. Èkejì, kí ó má sí ọmọ tí yóò fi eré sá fún ìwé. Àwa fúnra wa yóò máa wà níbẹ̀ ní gbogbo ọ̀sán ọjọ́ Sátidé. Ọmọ tí kò bá ti ṣe iṣẹ́ ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ kò ní fọwọ́ kan bọ́ọ̀lù. Ọdún eléré kì í pọ̀, ìwé ni yóò bá a jẹun lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ̀kẹta, bí àwọn ọmọ wa bá ń lọ ṣeré ní ìlú mìíràn, kí wọ́n má ṣe rin ìrìn òru. Ilé tí ó sọ Collie nù kò rí i mọ́. Ẹ jẹ́ kí wọ́n sùn, kí ilẹ̀ mọ́, kí wọ́n tó gbéra.

Àwọn àgbà ní ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Ilẹ̀ tí kò sí ibi ìṣeré fún ọmọ, ọmọ náà yóò wá ibòmíràn ṣeré, a kò sì mọ ẹni tí yóò bá pàdé níbẹ̀.

 A ti rí gíláàsì mìíràn fi sí fèrèsé tí ọmọ yẹn fọ́. Ọjọ́ kejì ni a ti fi í síbẹ̀. Pátákó rẹ̀ ni a kò rí dá padà. Kí Ọlọ́run má ṣe jẹ́ kí a tún dáná sun òmíràn.

Kí ìlú wa ó máa tòrò, kí ọmọ wa ó máa ṣe orí ire nílé lóko. Àmín.